Iye Ẹ̀rọ Géèmù Tí Desmond Tà

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òpópónà Ìdèpé,
                                                  Òkìtìpupa,
                                                  Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                                  Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kejì, 1997.

Tóyọ̀sí ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà n'Íbàdàn níbẹ̀ yẹn? Bàbá Títíladé ńkọ́? Títíladé fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń hú nígbà ọyẹ́ ti lọ pátápátá? Màmá wa ní Òṣogbo, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Mo ń gbàdúrà fún wọn, má ṣe rò pé mo ti gbàgbé.

Àwa náà wà dáadáa níhìn-ín, a dúpẹ́. Bàbá Ìtẹ́ ṣì wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọn kò tíì gbé e kúrò. Ìtẹ́olúwa ti wọ kíláàsì kẹta. Èdè Ìkálẹ̀ ló ń sọ bọ̀ láti ilé-ìwé báyìí, èmi tí mo bí i ni mo tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Pupuru, oúnjẹ gbáàgúdá wọn tí mo máa ń yínmú sí nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun náà ni mo ń jẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ báyìí. Bí o bá rí mi, wàá mọ̀ pé ara mi gbà á.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. O ní Bàbá Títíladé ka ìwé ìròyìn kan tó sọ pé ẹ̀rọ géèmù dúdú ti tà ní ìlọ́po méjì ti aláwọ̀ eérú, àti pé ó fẹ́ kó páálí mẹ́wàá ti dúdú wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. O ní níwọ̀n bó ti jẹ́ pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ là ń tà níbi iṣẹ́ mi, kí n sọ èyí tó ń tà jù fún yín. Ká ní o béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún tó kọjá ni, gbólóhùn kan péré ni ǹ bá fi dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ níbí ní oṣù Kìíní tí kò jẹ́ kí n lè fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀ iye ọjà mọ́. Jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ ná.

O mọ̀ pé akọ̀wé ọjà ni mí ní ilé-ìtajà Alàgbà Ajíbóyè. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan ní Akúrẹ́, ọ̀kan níbí. Tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti fáànù là ń tà tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó wọlé. Olúsọjí ló ń bójú tó géèmù ní Akúrẹ́. Níbí, Desmond ni. Ọmọ Igbotako ni Desmond, kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ti ṣe olùkọ́ rí, ó fi í sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí. Èdè tó mọ́ gaara ló fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ló máa ń sọ, àwa tí a ti ibòmíràn wá á sì máa wò ó lẹ́nu.

N kò ní purọ́ fún ọ, n kò fẹ́ràn bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ, kí aago mẹ́wàá tó lù, ó ti gun ọ̀kadà lọ sí Igbotako tàbí Àjàgbà, ó tún lè jẹ́ Akotogbo. Bó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹrùpẹ̀ á ti bo bàtà rẹ̀. Mo máa ń sọ lọ́kàn ara mi pé fàájì ló ń lọ ṣe.

Nígbà tí ọdún parí, Alàgbà ní kí n kọ ojú ìwé kan lórí bí géèmù ṣe tà ní ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ní ọdún 1996. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo kà á sí. Mo gba ìwé ọjà Akúrẹ́, mo gbé tiwa tì í. Akúrẹ́ ta ọgọ́fà. Òkìtìpupa ta méjìdínlógójì. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì fi gbólóhùn kan sí i nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n kọ: "Ó hàn gbangba pé ẹni tó wà nídìí géèmù ní Òkìtìpupa kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ." Mo buwọ́ lù ú.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní, Alàgbà wá láti Akúrẹ́, Olúsọjí bá wọn wá. Gbogbo wa jókòó sí yàrá ẹ̀yìn. Alàgbà ka ìwé mi sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní àwọn kò ní kó géèmù wá sí Òkìtìpupa mọ́, àti pé kí Desmond wá iṣẹ́ míràn kí oṣù tó parí. Tóyọ̀sí, ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ọjọ́ náà ni mo jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ nílé Desmond. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin, Ìyanuolúwa ni wọ́n sọ ọ́. Èmi gan-an ni mo gbé ọmọ náà fún pásítọ̀.

Mo rò pé yóò pariwo, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ló kọjú sí.

Ó ní, "Ìyá Ìtẹ́, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kà?"

Mo ní, "Iye ẹ̀rọ tí ẹ̀yin méjèèjì tà."

Ó ní, "Láti ìgbà wo? Ta ni wọ́n sì tà á fún?"

N kò wo ọjọ́ kankan. Orúkọ àwọn tó rà á wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ, n kò kà wọ́n. Alàgbà wò mí títí. Wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ti fẹ́ di àgbà òṣìkà lónìí o. Ìyá Ìtẹ́, mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ kà á dáadáa." Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn. Ojú tì mí débi pé n kò lè dúró dágbére fún Desmond.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé oṣù Kìíní ni géèmù ti dé Akúrẹ́, ṣùgbọ́n àárín oṣù Kẹfà ni páálí àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Odindi ọdún ni mo fi ń díwọ̀n oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀! Mo lọ wo ohun tí Akúrẹ́ tà ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, láti oṣù Kìíní títí di àárín oṣù Kẹfà: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Inú mi dùn, mo fẹ́ sáré kọ ọ́ pé Desmond borí. Àfi bí mo ṣe rántí pé Kérésìmesì wà nínú oṣù ti Desmond, kò sì sí nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Kérésìmesì ni bàbá ń ra nǹkan ìṣeré fọ́mọ. Nítorí náà mo fi oṣù kan náà wé oṣù kan náà. Láti àárín oṣù Kẹfà títí ọdún fi parí, Akúrẹ́ ta mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, Desmond ta méjìdínlógójì. Ó tún wá kéré padà. Ó wá ku ìbéèrè kejì tí Desmond bi mí: ta ni wọ́n tà á fún?

Mo wọ mọ́tò lọ sí Akúrẹ́. Nínú mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún tí Olúsọjí tà, àádọ́ta ló kó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké nínú ọjà kí Kérésìmesì tó dé. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Páálí wà lórí pẹpẹ, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kò tíì ya. Mo ka mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé lọ sílé. Obìnrin kan tiẹ̀ bi mí bóyá mo wá kó wọn padà ni. Nínú ìwé Olúsọjí, gbogbo rẹ̀ ti tà. Kò purọ́, ó kúkú gbé e jáde nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan tó tíì fọwọ́ kan án. Bí mo bá yọ ìyẹn kúrò, márùndínlọ́gọ́ta ló wọ ilé ènìyàn.

Mo padà sí Òkìtìpupa, mo ní tí mo bá ti yẹ ti Akúrẹ́ wò, ó di dandan kí n yẹ ti Desmond náà wò. Mo mú orúkọ àwọn tó rà á, èmi náà gun ọ̀kadà. Ní Igbotako, mo bá obìnrin aránṣọ kan tó ń jẹ́ Agatha. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló gbé tẹlifíṣọ̀n àti géèmù sí, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ́yìn ilé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti oko gbáàgúdá dé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń sanwó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti fi í ṣeré. Agatha sọ fún mi pé Desmond ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń so ó, òun ló tún máa ń mú kásẹ́ẹ̀tì géèmù tuntun tí wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀rọ náà wá lọ́sẹ̀ méjì méjì, nítorí bí àwọn oníbàárà òun bá ti mọ ọ̀kan jù, wọn kì í wá mọ́. Mo bi í bóyá ọ̀kankan lára wọn ti ra ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni wọ́n máa rà á fún, Mà? Tèmi ńkọ́?"

Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ìwé mi kà fún Igbotako, bẹ́ẹ̀ ogún ènìyàn ló ń lò ó lójúmọ́.

Ìgbà náà ni mo wá ka kásẹ́ẹ̀tì, ohun tí n kò fi sí ìwé àkọ́kọ́ rárá. Láàárín oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀ yẹn, Akúrẹ́ ta kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Desmond ta mẹ́rìndínlógóje. Ẹ̀rọ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n àwọn tó rà á ń lò ó gan-an.

Mo tún rántí òkùnkùn. Láti àárín oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni iná fi lọ ní ìdajì ìlú yìí. Àwa gan-an ń fi àtùpà elépo jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn, ẹ̀rọ méjì péré ni Desmond tà. Ta ló fẹ́ ra géèmù sínú òkùnkùn? Nígbà tí iná dé, ó ta mẹ́tàdínlógún kí ọdún tó parí. Èmi tí mo ń gbé ìlú yìí, tí mo mọ̀ pé kò sí iná, mo kọ ìwé bí ẹni tí kò gbé níbẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn àgbà ti wí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí ni Àjàgbà. Ẹ̀rọ márùn-ún ló wà nínú ìwé pé Juliet kan ní Àjàgbà rà láwìn lọ́sẹ̀ Kérésìmesì. Mo dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n Desmond ni Juliet. Ó mú mi wọ yàrá, ó fi páálí márààrún hàn mí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, odindi ni wọ́n wà. Kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó ní Desmond ló ní kí òun bá a tọ́jú wọn, pé ó máa rí ẹni rà wọ́n tó bá di Àjíǹde. Kò sí ẹni tó rà wọ́n. Desmond fi wọ́n bu iyọ̀ sí iye tirẹ̀ ni.

Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Bí mo bá kọ ọ́, mo lè fi ọwọ́ ara mi ba ohun tí mo ń tún ṣe jẹ́. Bí n kò bá kọ ọ́, kí ni mo lọ wo mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti Olúsọjí fún? Mo bi Bàbá Ìtẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé òtítọ́ lo lọ kà, àbí Desmond lo lọ gbà sílẹ̀?" Mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ pe Desmond sí ẹ̀gbẹ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ páálí márùn-ún yẹn yóò wà nínú ìwé mi. Ó wo ilẹ̀. Ó sọ nǹkan kan ní Ìkálẹ̀ tí n kò gbọ́, ó sì wọlé lọ.

Nígbà tí a jókòó, èmi ni Alàgbà ní kí n kà á. Mo kọ́kọ́ bẹ Desmond níwájú gbogbo wọn nítorí gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn, mo ní n kò ní ẹ̀rí kankan tí mo fi kọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo ka gbogbo ohun tí mo rí: oṣù tí ọjà dé, àwọn tó wọ ilé ènìyàn àti àwọn tó wà lórí pẹpẹ, ọ̀sẹ̀ òkùnkùn, ti Agatha, kásẹ́ẹ̀tì, àti márùn-ún tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní tí a bá fi oṣù kan náà wé ara wọn, márùndínlọ́gọ́ta ni ti Akúrẹ́, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ti Òkìtìpupa. Akúrẹ́ ló ṣì tà jù. Ṣùgbọ́n Akúrẹ́ tóbi jù wá lọ fíìfíì, iná sì wà níbẹ̀. N kò lè sọ pé ẹni tó ta mẹ́tàlélọ́gbọ̀n níbí kò ṣiṣẹ́.

Olúsọjí fara ya. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé n kò tajà ni?"

Mo ní, "Ẹ tajà, Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí. Ọjà tí ẹ tà ni kò tíì délé."

Alàgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn le nígbà tí wọ́n kọjú sí Desmond. Wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi kó páálí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Desmond dìde. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá rí ìwé Akúrẹ́ ni ẹ̀rù máa ń ba òun, pé òun mọ̀ pé iye nìkan ni wọ́n máa wò, kò sí ẹni tó máa bi òun nípa òkùnkùn. Ó ní, "Mo ṣẹ̀, Sà." Kò fi nǹkan míràn kún un.

Wọ́n ní kó kó márààrún padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí n sì fi gègé pa wọ́n rẹ́ nínú ìwé. Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n wọn kò dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, géèmù náà kò sì kúrò ní Òkìtìpupa. Láti ìsinsìnyí lọ, ṣọ́ọ̀bù méjèèjì kò gbọdọ̀ kọ "ó ti tà" àfi bó bá dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Lójú mi, Alàgbà ṣe é dáadáa.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Desmond dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyá Ìtẹ́, ẹ yọ mí, ẹ sì tún tú mi fó." Mo ní ìwé kan náà ló ṣe méjèèjì. Ó mi orí, ó lọ. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìkíni lásán ló wà láàárín wa. Ó ti ń sàn díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi, mo sì mọ̀ pé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ má mọ̀.

Wàyí o, ti Bàbá Títíladé. Bá mi sọ fún wọn pé ìwé ìròyìn lè má purọ́, síbẹ̀ kí wọ́n bi í ní ìbéèrè tí Desmond bi mí. Ọdún wo ni ti dúdú jáde, ọdún wo ni ti aláwọ̀ eérú? Ṣé èyí tó ti ilé-iṣẹ́ jáde ni wọ́n kà, àbí èyí tó wọ ilé ènìyàn? Ìlú wo ni wọ́n ti kà á? Àwọn tó rà á lókè òkun kò ní wá ra kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín n'Íbàdàn. Kí wọ́n rìn yí àdúgbò yín ká, kí wọ́n ka àwọn ọmọ tó ti ní ọ̀kan tàbí èkejì, kí wọ́n sì béèrè èyí tí wọ́n ń rí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yá lọ́wọ́ ara wọn. Páálí méjì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi mẹ́wàá sílẹ̀ ná. Níbí, ti aláwọ̀ eérú ló ń tà jù. Ìdí kan ṣoṣo ni pé òun là ń kó wá, nítorí náà má ṣe fi tiwa ṣe ẹ̀rí.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọkùnrin kan wá láti Akotogbo, àgbẹ̀ ọ̀pẹ ni. Ó ní géèmù lòun fẹ́ rà fún àwọn ọmọ òun, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ti gbẹ látàárọ̀, kò sí ẹni tó ra nǹkan kan. Mo ti ṣí ìwé, mo ti mú bíírò. Desmond bi í pé, "Bàbá, ṣé iná ti dé ọ̀dọ̀ yín?" Ó ní òpó ti dé, wáyà ló kù. Desmond ní, "Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?" Ó ní òun kò ní. Desmond gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí káńtà, ó dá a padà sínú páálí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ dé, Bàbá. Á kàn máa wò yín lójú lásán ni." Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó ṣe kàyéfì, ó lọ.

Ẹni tó bá ka ìwé wa lọ́la yóò rí i pé a kò ta ẹyọ kan lọ́jọ́ náà. Nítorí náà mo kọ ọ́ sí etí ojú ìwé: "Ẹnìkan wá láti Akotogbo. Iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn."

Bá mi kí Bàbá Títíladé púpọ̀, kí o sì fẹnu ko Títíladé lẹ́nu fún mi. Kí Màmá, sọ fún wọn pé mo máa fi àdí àgbọn ránṣẹ́ fún orúnkún wọn bí mo bá rí ẹni tó ń bọ̀. Bàbá Ìtẹ́ ní kí n kí gbogbo yín. Má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó kọ̀wé, mo ń retí rẹ̀.

                                                  Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe,
                                                  Olúwaṣọlá, Ìyá Ìtẹ́.